Ta Ni Ó Yẹ Láti Gba Ẹjọ́ Rò? Ìtàn Ìwé Àṣẹ Amòfin ní Nàìjíríà láti Ọdún 1876

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Nítorí náà, láti inú ọ̀rọ̀ kan ni mo ti fẹ́ wọ inú ìtàn tí mo gbé wá síwájú yín.

Ọ̀rọ̀ náà ni agbẹjọ́rò. Ẹni tí ó bá tú u palẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó di ìdí rẹ̀ mú: gbà àti rò. Ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì bá a rò ó, ni agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹjọ́ ti ní ẹni tí ó ni ín kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń rò ó. Ní àtijọ́, ẹni tí ó ni ẹjọ́ ni ó máa ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ìbáà ṣe níwájú baálé, níwájú ìjòyè àdúgbò tàbí ní ààfin. Bí ó bá sì ṣe pé ìlú kékeré kan ni ó ní ọ̀rọ̀ láti bá àwọn alágbára Ìbàdàn sọ ní ayé ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, baba kékeré ni wọn yóò tọ̀ lọ, èyíinì ni ìjòyè tí ó máa ń gbẹnu sọ fún wọn níwájú àwọn ìjòyè yòókù. Baba kékeré kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ipò rẹ̀ àti iyì rẹ̀ ni ìwé àṣẹ rẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi yin àtijọ́. Baba kékeré a máa gba ẹ̀bùn, a sì máa gba owó. Àwọn tí wọ́n sọ ààbò di ọ̀nà àtijẹ wà nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé àwọn tí a ń gbẹnu sọ fún ni ó ń mọ̀ bóyá ẹni tí ń gbẹnu sọ fún wọn yẹ tàbí kò yẹ. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, ìdájọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ta ni ó wá bọ́ sí, kí ni ẹni náà sì fi ṣe? Èyí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó; ní 1863 ni wọ́n fi òfin dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó kàn wá jù lọ ni ti ọdún 1876. Òfin Gold Coast ni, nítorí pé láti 1874 títí di 1886, abẹ́ ìjọba Gold Coast ni wọ́n fi Èkó sí. Òfin yìí ṣí ilẹ̀kùn mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ máa gba ẹjọ́ rò. Ilẹ̀kùn kìn-ín-ní wà fún ẹni tí ó ti gba àṣẹ amòfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Ireland. Èkejì wà fún ẹni tí ó bá fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ amòfin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ìhín, tí ó sì yege nínú ìdánwò. N kò ní dúró lórí ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ó fà mí mọ́ra. Bí àwọn amòfin tí ó gboyè kò bá pọ̀ tó, adájọ́ àgbà lè mú ẹni tí ó bá rí pé ó yẹ, tí ó mọ̀wé níwọ̀n, tí ó sì mọ díẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì fún un ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, kí onítọ̀hún tún padà wá tọrọ òmíràn.

Ta ni àwọn amòfin olóṣù mẹ́fà wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́ rí. Wọ́n ti da ìwé ìpẹ̀jọ́ kọ, wọ́n ti jókòó gbọ́ ẹjọ́ lọ́jọ́ dé ọjọ́, títí tí èdè òfin fi wọ̀ wọ́n lára. Àwọn amòfin tí ó gboyè kò kà wọ́n sí rárá, ojú kan náà ni àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ yìí sì fi ń wò wọ́n, bí ẹni pé arúfin ni wọ́n. N kò bá wọn wò ó bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dá lórí ilẹ̀ ìdílé, ogún, gbèsè àti ìwọ̀fà, ẹni tí ó gbọ́ èdè olùpẹ̀jọ́, tí ó mọ̀ bí ìdílé ṣe ń pín ilẹ̀, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ga ju ohun tí aláròóbọ̀ lè san lọ, kì í ṣe ẹni àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ìmọ̀ òfin wọn lè má jinlẹ̀. Ìmọ̀ ẹjọ́ wọn jinlẹ̀.

Àìsàn ibẹ̀ wà níbòmíràn. Oṣù mẹ́fà ni. Amòfin tí ó mọ̀ pé ní ìparí oṣù Kejìlá òun yóò dúró níwájú adájọ́ kan láti tọrọ oúnjẹ òun, báwo ni yóò ṣe ta ko adájọ́ náà ní oṣù Kọkànlá? Báwo ni yóò ṣe gba ẹjọ́ ẹni tí ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì rò ó débi tí ó yẹ kí ó rò ó dé? Ìwé àṣẹ tí a kò lè gbójú lé ju oṣù mẹ́fà lọ jẹ́ okùn lọ́rùn ẹni tí ó gbà á. Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, ohun tí adájọ́ ń wádìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lè máà jẹ́ ìmọ̀. Ìtẹríba ni ó rọrùn jù láti rí.

Láàárín èyí ni Christopher Sapara Williams dé. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1855, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni. Ní 1879 ni a pè é sí iṣẹ́ amòfin ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀n, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa kàn. Gold Coast ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àwọn amòfin Èkó ní 1888. Ó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní 1901, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1915. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn olóṣù mẹ́fà ju oyè lọ. Kò sí adájọ́ ní Èkó tí ó lè fi ìparí oṣù halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ka ìtàn àwọn tí wọ́n dojú kọ ìjọba amúnisìn ní Èkó láyé ìgbà náà yóò rí i pé àwọn amòfin pọ̀ nínú wọn, kò sì yẹ kí ó yà á lẹ́nu.

Bí àwọn tí ó gboyè ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọba ti ilẹ̀kùn kẹta. Nígbà tí ọdún 1914 yóò fi dé, a ti tì í. Wọn kò ṣàìtọ̀nà, nítorí pé àwọn aládàámọ̀ kan ba ẹjọ́ àwọn tálákà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tí ń bèèrè pé kí a ti ilẹ̀kùn ti wọlé ná. Láti ìgbà náà lọ, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù ní tòótọ́, ọ̀nà náà sì gba orí òkun kọjá.

Ẹ wo ohun tí ọ̀nà náà gbà. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó ilé, owó ẹ̀kọ́, àti ọ̀pọ̀ ọdún láìsí iṣẹ́. Ní àwọn ilé amòfin Lọ́ńdọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ iye oúnjẹ alẹ́ kan pàtó nínú gbọ̀ngàn kí a tó pè é. Àṣà àtijọ́ wọn ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ yẹn tán lè padà sí Èkó láì mọ ohun kan nípa bí Yorùbá ṣe ń jogún. Èyí tí ó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ méjì ni iṣẹ́ òfin: bárísítà ń rojọ́ ní ilé ẹjọ́, sọ̀lísítọ̀ ń kọ ìwé, ó ń tọ́jú owó oníbàárà, ó sì ń ṣètò ẹjọ́. Ẹni tí ó kọ́ ọ̀kan kò kọ́ èkejì. Ní Nàìjíríà, a so méjèèjì pọ̀. Bárísítà tí kò kọ ìwé ilẹ̀ kan rí ní Lọ́ńdọ̀n yóò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Èkó, bí wọ́n bá sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga, ó ti di sọ̀lísítọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ìdílé yín ti jìyà ìwé ilẹ̀ tí a kọ lódì mọ ohun tí mo ń sọ.

Ní ti àwọn obìnrin, òfin 1876 kò ní láti dá wọn lẹ́kun, nítorí pé Lọ́ńdọ̀n ti bá a ṣe é. Kò tó di òfin tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1919 kí àwọn ilé amòfin wọn tó gba obìnrin. Ní 1933 ni a pe Stella Thomas, ọmọ Èkó, ní Middle Temple. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di amòfin ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ó di adájọ́ májísíréètì.

Títí di ibí yìí, Èkó ni a wà. Ẹni tí ó wà ní òkè, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Oǹdó, kò bá irú wàhálà yìí pàdé, nítorí pé Lugard ti pèsè èyí tí ó burú jù fún un. Ní 1914, nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó dá àwọn ilé ẹjọ́ ẹkùn sílẹ̀, ó sì fi òfin lé gbogbo amòfin jáde kúrò níbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn amòfin ni ó ń ti àwọn ènìyàn sí ẹjọ́ ṣíṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ òfin, ni ó ń jókòó bí adájọ́ níbẹ̀. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, títí di àtúnṣe 1933, ènìyàn lè dúró níwájú wọn lórí ọ̀ràn tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀, láìsí ẹni tí yóò bá a sọ gbólóhùn kan. Ẹ fi èyí wé Èkó. Nígbà tí ìjọba lé Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí kúrò ní ìlú ní 1925, àwọn amòfin gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀n, ìdájọ́ tí ó ti ibẹ̀ wá ní 1931 ni ó sì ṣí ọ̀nà fún un láti padà sílé. Ẹni tí kì í ṣe ọba, tí kò sì gbé ní Èkó, kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka mìíràn ni èyí jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyẹ: ìjọba kò sọ pé amòfin kan kò yẹ, ó ní iṣẹ́ náà pátá ni kò yẹ àwọn ènìyàn òkè.

Àlàfo kì í ṣófo pẹ́. Àwọn kọ̀wékọ̀wé, tí ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn kíkọ jẹun, ni ó dí i. Tábìlì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ìbòòji igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba mọ̀ pé wọ́n wà. Ní 1915 ó ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Òfin náà ní kí ẹni tí ó bá kọ̀wé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Nínú gbogbo òfin tí mo ti kà fún iṣẹ́ yìí, n kò rí èyí tí mo fẹ́ràn tó o. Kò bi kọ̀wékọ̀wé léèrè ibi tí ó ti jẹ oúnjẹ alẹ́. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ gbọ́ ohun tí a kọ lórúkọ rẹ̀, kí a sì mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ kọ̀wékọ̀wé rí ní Ìbàdàn ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó kó owó jọ, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀n ní 1944, a sì pè é sí iṣẹ́ amòfin ní 1946. Ẹ jẹ́ kí a fò dé ọdún 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan òun àti àwọn mìíràn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lè gba agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú. Awólọ́wọ̀ yan E. F. N. Gratiaen, amòfin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àwọn amòfin Nàìjíríà. Ó yẹ, ó sì gbàwé àṣẹ. Mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé kò jẹ́ kí ó wọ ìlú. Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga Èkó, ilé ẹjọ́ sì dáhùn pé agbẹjọ́rò tí òfin ń sọ ni èyí tí ó lè wọ Nàìjíríà láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó bí ìwé àṣẹ kan ṣe tún bí òmíràn: ìwé àṣẹ láti rojọ́ kò tó mọ́, ó di ìwé àṣẹ láti wọlé. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wá ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963 ni a rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ìgbìmọ̀ kan ti jókòó ṣáájú èyí, ní 1959, lábẹ́ Unsworth tí í ṣe agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Wọ́n rí àléébù tí mo ti sọ: amòfin ń ti Lọ́ńdọ̀n bọ̀ láì mọ òfin ilẹ̀ tirẹ̀, láì sì kọ́ iṣẹ́ sọ̀lísítọ̀. Àbá wọn ni ó bí òfin ẹ̀kọ́ òfin ti 1962, àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963. Àwọn yunifásítì wa náà, Nsukka, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria, dá ẹ̀ka òfin sílẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí ni yóò jiyàn rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò lè rí owó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀n lè di amòfin láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni òfin amòfin ti 1975 béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ó béèrè ìwé ẹ̀rí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin, ó sì béèrè pé kí Body of Benchers, èyíinì ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ òfin, gbà pé oníwà rere ni. Ti àkọ́kọ́ kò ṣòro: ìdánwò wà, máàkì wà. Èkejì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n padà sí iṣẹ́ mi díẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, yẹ ni a ń lò fún méjèèjì. A ní, "Ó yẹ fún oyè náà," nígbà tí a bá fẹ́ sọ ti ìwà àti ìmọ̀. A sì ní, "Aṣọ náà yẹ ọ́," nígbà tí ó jẹ́ pé ojú lásán ni a fi wò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣèdájọ́ ìwà ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi kí ó má baà kúrò nínú yẹ kìn-ín-ní bọ́ sínú èkejì láì mọ̀.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Gani Fáwẹ̀hìnmí, ọmọ Oǹdó, yẹ̀wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ fẹ̀sùn kàn án pé ó polówó ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò bá ìlànà iṣẹ́ mu. Kò jiyàn lórí ìpolówó nìkan. Ó béèrè irú ẹni tí yóò dá òun lẹ́jọ́. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre: kò tọ́ kí àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ẹ̀sùn tún jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ọ. Lọ́dún tí ó ṣáájú èyí, Ẹgbẹ́ Amòfin pinnu pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe lọ rojọ́ níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí àwọn ológun gbé kalẹ̀. Gani lọ, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àbùkù wọn. Ẹnìkan náà ni ó gba oyè amòfin àgbà Nàìjíríà ní 2001. Ìwà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn, bí a bá ní kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń wò ó ni ó yí padà.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni mo fi pa mọ́ títí di ìsinsìnyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní Àbújá, ọmọbìnrin kan tí ó kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ó sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, dé ibi ìpè sí iṣẹ́ amòfin pẹ̀lú híjáàbù lábẹ́ wíìgì rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ṣí i. Ó kọ̀. Wọ́n kò jẹ́ kí ó wọlé, a sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìsí i. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, ìwé ìròyìn gbé e kiri, àwọn àgbà amòfin sì pín sí méjì lé e lórí. Ìdánwò ti tán kí ó tó kan ọ̀rọ̀ híjáàbù; kì í ṣe ìmọ̀ ni wọ́n ń jà sí. N kò sọ pé kí iṣẹ́ má ní aṣọ tirẹ̀, nítorí pé èmi náà ń wọ aṣọ oyè yunifásítì lọ́jọ́ tí ó bá yẹ. Ṣùgbọ́n wíìgì tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò yẹn kò ti Ọ̀yọ́ wá, kò sì ti Sókótó wá. Ọkọ̀ kan náà tí ó gbé bárísítà Lọ́ńdọ̀n wá ni ó gbé e wá.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2018, oṣù méje lẹ́yìn náà, a pe ọmọbìnrin náà sí iṣẹ́ amòfin. Híjáàbù rẹ̀ wà ní orí rẹ̀, wíìgì sì wà lórí híjáàbù.